Bí Ìgbòkun Yín Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Áyọ́ọ̀nù Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ọba Ìgbì,

Mo kí yín láti iwájú ṣọ́ọ̀bù títí dé ẹ̀yìnkùlé. Mo gbà pé ara yín le, àti pé nínú iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn tí ẹ lọ kọ́, òòlù kò tíì sọ ìka yín kan di pẹlẹbẹ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. Èmi náà le koko bí ìṣó. Mo ti ga débi pé òrùlé ń bẹ̀ mí kí n rọra.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, n kò ní fi yín ṣeré: ìgbòkun tí ẹ ń ta sórí pátákó yín láti fi gun omi wà láàyè. Kò ya, kò sán. Ẹ jókòó ná kí ẹ tó yọ̀, torí ohun tí ojú aṣọ yẹn rí lẹ́yìn yín, ojú ẹlẹ́wọ̀n kò rí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, ọkọ̀ ti gbéra kí ẹ tó yọrí lójú fèrèsé, tí ẹ ń pariwo bí ẹni tó ń ta ọjà pé: "Má ṣẹ́ ẹ po o! Ká a bí ẹní! Má jẹ́ kí oòrùn rí i! Tí òtútù bá mú un, má fipá ṣí i! Òun nìkan ni mo ní o!" Gbogbo èrò ọkọ̀ ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ìkókó lé lọ́wọ́. Òótọ́ sì ni, òun nìkan lẹ ní. Kóòṣì yín ti sọ ọ́ pé ẹni tí ara ìgbòkun rẹ̀ kò bá dá ṣáká lọ́jọ́ ìdíje, etí omi ni yóò ti máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Mo fi omi tí kò níyọ̀ fọ iyọ̀ òkun kúrò lára rẹ̀, mo dẹ àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, mo sá a síbòòji títí ó fi gbẹ kanrin, torí ẹ ní bí ọ̀rinrin bá bá a sùn, yóò bu bíi búrẹ́dì àná. Mo wá ká a láti orí wá sí ẹsẹ̀, mo gbé e sí yàrá ẹrù ní ẹ̀yìnkùlé. Ni ooru bá dé. Ẹ̀gbọ́n mi, aláǹgbá tó bá wọ abẹ́ páànù yẹn láàárọ̀, góńgó ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn jáde lọ́sàn-án, tó ń bẹ̀bẹ̀ omi. Mo fọwọ́ kan àpò ìgbòkun, mo fò sẹ́yìn. Kíá ni mo gbé e wọlé, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó tutù díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá fẹ́ kọjá ni wọ́n ń sọ pé: "Irú àlejò wo lèyí, tí kì í jẹ, tí kì í mu, tó sì na gbọọrọ sójú ọ̀nà?"

Màmá kò burú. Bàbá gan-an ni ewu. Ẹ mọ̀ wọ́n, alágbàfọ̀ ọmọ alágbàfọ̀. Bí ojú ọ̀run bá rún, Bàbá á wá àkàbà àti áyọ́ọ̀nù. Ẹ sì mọ̀ pé látìgbà tí ẹ ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tí ẹ tẹ̀ lé omi, bí a bá dárúkọ ìgbòkun, wọ́n á ní èdè yẹn kò yé àwọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ pọnmi. Kí n tó dé, Bàbá ti tú àpò, wọ́n ti tẹ́ ìgbòkun yín sórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù ti ń yọ èéfín. "Wo bó ṣe rún!" ni wọ́n wí. "Ṣé kí wọ́n máa sọ pé ilé alágbàfọ̀ lèyí ti jáde?"

Ọkàn mi bẹ́ jáde, ó yí ṣọ́ọ̀bù po, ó tó padà sáyà mi. Ṣùgbọ́n mo mọ Bàbá wa: bí mo bá ní "ẹ má lọ̀ ọ́," ńṣe ni wọ́n á lọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn. Mo bá sáré mú ọ̀rá gaara kékeré kan nínú àpò irinṣẹ́ yín, irú èyí tó wà lójú ìgbòkun, tí ẹ fi ń lẹ ẹ́ bó bá ya. Mo fi òfin wọn mú wọn. Mo ní: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé aṣọ àjèjì, etí ẹ̀ la kọ́kọ́ ń dán wò. Etí ẹ̀ rèé. Àbí òfin ti yí padà ni?"

Wọ́n wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹnu ẹ ti mú ju abẹ lọ." Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù lé ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rá náà ké ṣíìì, ó ká kò bí ọ̀kùn tí wọ́n fọwọ́ kàn, ó sì lẹ̀ mọ́ ojú áyọ́ọ̀nù bí ẹni rí ẹbí. Èéfín tó sọ, ó tó láti pe panápaná ìlú mẹ́ta. Màmá ké láti inú ilé pé: "Alágbàfọ̀ àgbà, ẹja lẹ wá ń yan báyìí?"

Bàbá ń ha ojú áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ní: "Irú aṣọ wo ló ń sá fún áyọ́ọ̀nù?" Mo ní: "Atẹ́gùn ni áyọ́ọ̀nù tiẹ̀, Bàbá. Tó bá dórí omi, atẹ́gùn á nà án gbọnrangandan." Bàbá rẹ́rìn-ín nímú. Wọ́n di orí ìgbòkun mú, wọ́n ní kí n di ẹsẹ̀ mú, a sì jọ ká a bí ẹní. Láti ọjọ́ náà, àwọn fúnra wọn ló ń lé eku kúrò nídìí rẹ̀.

Òtútù wá dé, èyí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ń dì lẹ́nu èèyàn, àfi kéèyàn gbé e sẹ́nu iná kó tó lè gbọ́ ọ. Kóòṣì yín dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n ń yẹ ìgbòkun oníkálùkù wò kí wọ́n tó mú àwọn tí yóò díje. Wọ́n fa àpò jáde síwájú ilé. Ìgbòkun yín ti gan bíi pátákó. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tú u, ojú gaara rẹ̀ dún kẹ́rẹ́. Mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn ẹlòmíràn ló jáde. Bàbá ń sáré bọ̀, ọṣẹ dé ìgúnpá: "Kóòṣì, ẹ dáwọ́ dúró! Aṣọ tó bá gan, a kì í fipá ṣí i!"

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun omi o."

"Ẹ máa gun omi yín. Aṣọ lèmi ń sọ."

Kóòṣì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun táwọn ń kọ́ àwọn ọmọ gan-an nìyẹn, ìkánjú ló mú àwọn. A gbé e lọ sí yàrá tí a ti ń lọ aṣọ, ní kọ̀rọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, jìnnà sí iná. Kóòṣì ń mu tíì. Bàbá ń fẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgbòkun bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ. Nígbà tó rọ̀, wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé e dúró. Kóòṣì yẹ ojú gaara náà wò, wọn kò rí ìlà kan, àfi ojú Bàbá wa ní òdìkejì, tó ń wò wọ́n ranran. Kóòṣì ní: "Ta ló tọ́jú ẹ̀ tó báyìí?" Mo ti yọ àyà síta kí n tó gbọ́ tí Bàbá ní: "Àwa ni." Ẹ ti wà lára àwọn tí yóò díje, Ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní lọ́jọ́ ìdíje, èmi yóò gbé ìgbòkun wá pàdé yín létí omi. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti so àmì mọ́ àpò rẹ̀, irú èyí tí a ń so mọ́ aṣọ oníbàárà. Ibi tó yẹ kí orúkọ oníbàárà wà, "Ọmọ mi" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ní aṣọ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbà á. Torí náà, kí ẹ tó dé etí omi, ẹ kọ́kọ́ wá sílé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọwọ́ yín lẹ́nu iṣẹ́. Atẹ́gùn tó máa gbé yín débi ire kò ní ṣàìfẹ́. Ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ẹ ó bá wa láyọ̀.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, olórí ẹ̀ṣọ́ ìgbòkun,
Ẹlẹ́nu-bí-abẹ.

Mo tún rántí: Lánàá, Bàbá dọ́gbọ́n bi mí bóyá pátákó tí ẹ fi ń gun omi lè gbé èèyàn méjì. Mo ní ó lè gbé wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tò sẹ́yìn mi.