Ahá Máté Tí N Kò Lè Dúpẹ́ Rẹ̀

                                        Ilé Kọkànlélógún,
                                        Òpópónà Tallow,
                                        Capitol Heights, Maryland.
                                        9 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Sẹ̀kínát, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Rasaq ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bó ṣe yẹ? Òtútù ti dé síbí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ṣì wà.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n fi ewé máté ránṣẹ́ sí Màmá, nítorí èmi náà ni mo kọ ọ́ sí ọ pé tíì náà ń lé oorun, ó sì ń mú ọ̀rá ara dínkù. Mo ti ra páálí méjì ní Langley Park. Wọ́n wà lórí tábìlì níwájú mi. N kò ní fi wọ́n ránṣẹ́. Jọ̀wọ́, kà á tán kí o tó bínú.

Anna, nọ́ọ̀sì ará Uruguay tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ló ń po tíì náà. Á da ewé gbígbẹ sínú ahá kékeré, á rọ omi gbígbóná sí i láti inú fúláàsì, ọ̀pá irin oníhò kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì fi ń fà á mu, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo mu ún, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo dúpẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ahá fi ń fò mí kọjá. Mo rò pé ẹnu mi ló rí Anna lára. Jesse, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń fọ aṣọ níbẹ̀, fi mí rẹ́rìn-ín títí: "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ lé ara yín o! Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá dúpẹ́ ti ní òun yó nìyẹn. Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ ó mu ún débi tó máa sú yín!"

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Níbí, ẹni tó dúpẹ́ kì í rí òmíràn gbà mọ́. Mo gbé ọpẹ́ mi mì, ahá sì ń bọ̀.

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń mu ún. Léraléra ni ọ̀gá wa ń fi iṣẹ́ ọ̀sán lé tòru fún mi. Ilé iṣẹ́ náà ló gba ìwé ìgbélùú fún mi, n kò sì lè sọ pé rárá. Máté ló ń gbé mi dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, oorun kì í wá. Àyà mi ń lù kìkìkì. Mo wá ìwé kà. Ohun tó ń lé oorun nínú kọfí ló wà nínú máté náà. Àwọn tó ní ó ń dín ọ̀rá kù, ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Àwọn mìíràn ní mímu ún ní gbígbóná janjan fún ọdún pípẹ́ lè fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. N kò mọ èyí tí ǹ bá gbà gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo gba àyà mi gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi tí kò ru rí ti ru báyìí.

Ni mo bá pinnu. Ní aago méje òwúrọ̀ òní, mo mu tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Anna. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba ahá. Ara mi fúyẹ́. N kò tíì wọ kóòtù òtútù mi tán tí ọ̀gá fi dé: ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò wá. "Èyíwùnmí, o ṣì lè dúró di aago mẹ́ta, àbí?" Kò dúró gbọ́ èsì.

Mo bọ́ kóòtù. Anna wò mí. Ó rọ omi sí ahá, ó nà án sí mi. Mo gbà á. N kò dúpẹ́.

Nítorí náà, má jẹ́ kí Màmá bẹ̀rẹ̀ rárá. Kí Rasaq fún mi. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún gààrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí. Ọpẹ́ tiwọn, mo lè dú u láìbẹ̀rù.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Èyíwùnmí.