Ọwọ́ Méjèèjì Ìníọlá

Òpópónà 229,
Laurelton, Queens,
New York, Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 2025.

Adéníkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá Fọlá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún ńkọ́? Ṣé ó ti gbà kí o máa gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì, àbí ìdí ilẹ̀kùn lo ṣì ń jókòó sí tí o ń ka àwọn tó pẹ́ dé? Fọlá àti àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò Ìkirè ńkọ́, ṣé kò tíì ṣí òrùlé ẹnikẹ́ni? Èmi wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, èmi náà wà, àwa méjèèjì la jọ ń gbé nílé Lékè ọmọ mi. Dókítà ní kí n má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́, mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ ni mo sọ o, n kò sọ pé mo gbà.

Wàá máa wò ó pé kí ló ṣe Susan tó fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. N kò ní tíì sọ ìdajì tí wàá fi já a gbà mọ́ mi lẹ́nu. Rìnsọ́lá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí, ni mo fi lé lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́, ẹnì kankan ò bá mi di bírò mú. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ipò kìíní ni mo fi parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìníọlá ni. O mọ̀ ọ́n, àbíkẹ́yìn Lékè, ọmọbìnrin tí mo tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú wá síbí lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn pé mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ fóṣù mẹ́ta, tí n kò sì padà mọ́. Ó ti dàgbà, ó ti ga, bó bá fẹ́ wọ yàrá mi, ńṣe ló ń tẹ orí ba. Tẹ́níìsì ló ń gbá. Kì í ṣe pé ó fi ń najú o, iṣẹ́ tó yàn láàyò ni.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ọ. Èèyàn méjì, àwọ̀n kan láàárín, bọ́ọ̀lù kan tó dà bí ọsàn tí kò tíì pọ́n tán. Ráákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbá a síra wọn, ẹni tí kò bá rí i dá padà ti jìyà. Bí o bá gba àmì kan, wọ́n á ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkejì, ọgbọ̀n. Ìkẹta, ogójì. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ tíṣà wa nílé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹnì kan ti ka nǹkan bẹ́ẹ̀, inú oòrùn ni ì bá kúnlẹ̀ sí. Àwọn tó ń gbá a á máa ké bí aboyún tó ń rọbí, ṣùgbọ́n ìwọ tí o wá wòran ò gbọdọ̀ húkọ́.

Àwọn yòókù, ọwọ́ kan ni wọ́n yàn. Bí bọ́ọ̀lù bá wá sí apá kejì, wọ́n á yí ẹ̀yìn ọwọ́ sí i, wọ́n á ká ara jọ bí ẹni inú ń run. Ìníọlá ò mọ èyí. Bó bá wá sí ọ̀tún, á fi ọ̀tún fọ́ ọ. Bó bá wá sí òsì, á ju ráákẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ òsì, fìrí, á sì fi òsì fọ́ ọ bákan náà. Ọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn ní ọmọ náà dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa eṣinṣin. Mo ní eṣinṣin náà ńkọ́, ṣé kò kú ni? Ó ní irú eré bẹ́ẹ̀ lè dẹ́rù ba èèyàn kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ife ńlá mẹ́rin ló wà lọ́dún, èèyàn méje lo sì gbọ́dọ̀ nà tẹ̀ léra wọn kí o tó gbé ọ̀kan nínú wọn, òun ò rí bí ọmọ yìí ṣe máa ṣe é. Ojú ẹ̀ ni kò rí i.

Ta ló kọ́ ọ ní ọwọ́ méjèèjì? Èmi ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fáwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tí mo ń yan. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni bí mo ṣe kọ́ ọ.

Nígbà tó wà ní kékeré, òsì ló fi ń di ṣíbí ògì mú, òsì ló fi ń dì mọ́ aṣọ mi. Lékè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, Nicole ìyàwó rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, èmi ni mo ń wo ọmọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni, mo ti yanjú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan rí mi níbi tí mo ti ń gbá ọwọ́ náà, ó ní kí n fi sílẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Mo ní Ọlọ́run kò tíì dá a tán, èmi ni mò ń bá A parí iṣẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ń di ọwọ́ òsì náà bó bá fẹ́ jẹun. Mo ní kò sí ọmọ tí màá tọ́ tó máa na òsì sí àgbà. Ọmọ náà sì gbọ́n. Lójú mi, á lo ọ̀tún. Bí mo bá yíjú, á lo òsì. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ méjèèjì ti dọ́gba. Bí bàbá rẹ̀ ṣe mú un lọ sí páàkì tí wọ́n ti ń gbá tẹ́níìsì ní ìsàlẹ̀ Jamaica, àdúgbò kan nítòsí wa níbí, nìyẹn, tí wọ́n gbé ráákẹ́ẹ̀tì fún un, tó sì ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Ní oṣù Kìíní tó kọjá, Lékè mú kóòṣì tuntun wá. Michael lorúkọ rẹ̀, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá àsíá. Mo gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, ó ní rárá, òun ti jẹun. Mo ti mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ó ní bí Ìníọlá bá fẹ́ gba ife ńlá láyé yìí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó mú, ìyẹn èyí tí wọ́n bí i mọ́. Ó wá béèrè pé èwo ni. Gbogbo wọn wò mí.

Adéníkẹ́, ó yẹ kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò jẹ ìrẹsì mi ló jókòó síbẹ̀, tó máa lọ máa sọ níta pé ìyá àgbà kan láti Nàìjíríà ló ba ọwọ́ ọmọ jẹ́. Mo ní, "Ọ̀tún ni. Ṣé ilé wa ni wọ́n ti ń bí ọlọ́wọ́ òsì?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ọwọ́ òsì tì. Ibi mẹ́jọ ni Ìníọlá lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìyẹn, ibi mẹ́jọ náà ni wọ́n ti dá a padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá dé ilé, kò ní jẹun. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé bí òun bá ti gbá ti Flushing tán, ìyẹn ìdíje ife ńlá tí wọ́n ń ṣe nítòsí wa níbí, òun á jáwọ́, òun á padà sí yunifásítì. Inú ilé ìdáná ni mo wà. Mo da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, mo gbé kúlà ìrẹsì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí páàkì náà. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Bọ́ọ̀lù kan wá sí òsì, ó jìnnà. Mo rí i tí ọwọ́ òsì ọmọ náà fò sókè láti gbà á, ló bá tún fà á sẹ́yìn kíá, bí ọwọ́ tí wọ́n nà lẹ́gba. Mo ti rí ọwọ́ tó fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ rí. Ìwọ náà mọ ibi tí mo ti rí i.

Mo ṣí géètì, mo fi sálúbàtà mi wọ àárín pápá. Kóòṣì ń pariwo, "Mà, ẹ ò lè wọlé síbí!"

Mo ní, "Mo ti wọlé. Ìníọlá, òsì ni."

"Kí ló jẹ́ òsì, Gránmà?"

"Ọwọ́ rẹ. Òsì ni wọ́n bí ọ mọ́. Èmi ni mo yí i. Mo parọ́ fún gbogbo yín."

Nígbà tí Ìníọlá túmọ̀ rẹ̀ fún kóòṣì, ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Oṣù méje! Nígbà tó máa dìde, ó ní ó dáa, láti ọ̀la lọ, òsì nìkan.

Mo ní, "O tún ti ń yàn. Ta ló bẹ̀ ọ́ ní yíyàn? Òsì ni Ọlọ́run fún un, ọ̀tún ni èmi fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, kí òsì náà wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. O fẹ́ kí ọmọ máa rìn kiri pẹ̀lú ọwọ́ ìdọ̀tí?"

N kò mọ bí Ìníọlá ṣe túmọ̀ ìyẹn, nítorí Yorùbá rẹ̀ ń tiro, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa kóòṣì. Ó ní kí wọ́n dán an wò títí dé Flushing. Ó sì jẹ ìrẹsì náà, ó jẹ ẹ́ mọ́.

Ìníọlá ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi kí mi. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i, ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní Flushing, ó kọ́kọ́ na èèyàn mẹ́ta kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ inú ìdíje gan-an. Ẹni tí wọ́n wá fún un níbẹ̀, ìkọkànlá ni láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé. Adéníkẹ́, ó nà án! Ìkọkànlá náà gbá bọ́ọ̀lù sí ọ̀tún, ó bá ọ̀tún níbẹ̀. Ó gbá a sí òsì, ó tún bá ọ̀tún mìíràn níbẹ̀. Ó wá ń wò káàkiri bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹnì kejì sá pamọ́ sí. Rẹfirí ní kí ìyá tó wé gèlè aláwọ̀ ewé jọ̀ọ́ kó dákẹ́. N kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Ìjẹta ni wọ́n nà án. N kò ní purọ́ fún ọ, irọ́ ti tó. Ẹni tó nà án gbọ́n, ìdodo Ìníọlá gan-an ló ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Bó bá ti wá tààrà sí ìdodo, ọmọ náà ò ní mọ ọwọ́ tó máa lò, kó tó yàn, ó ti bọ́. Àìsàn eré rẹ̀ nìyẹn, ó sì ní oògùn: kó yẹ ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí a ṣe ń yẹ̀ fún àgbò tó ń sáré bọ̀. Mo ti sọ fún kóòṣì. Ọkùnrin orí tẹlifíṣàn ti wá yí ohùn padà, ó ní bí wọ́n bá tún ibẹ̀ ṣe, ó ṣeé ṣe kó gba ife ńlá kan kí ọdún mẹ́ta tó pé. Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin o, kí wọ́n yára.

Nígbà tó dé ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé ẹkún ló máa sun. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó yọ bọ́ọ̀lù kan látinú àpò, èyí tó fi parí eré lọ́jọ́ tó na ìkọkànlá. Ó ní òun ò jáwọ́ mọ́. Ó wá nà án sí mi. Òsì ló fi nà án. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ojú mi ló ń wò. Ọwọ́ mi ti gbéra láti gbá a kí n tó mọ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo wá fi òsì tèmi gbà á.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé sí ọ. Ní 1957, kíláàsì mẹ́ta, ìwọ lo ń ṣe ipò kìíní nínú àpèkọ, òsì lo sì fi ń kọ ọ́, o ń fi èjìká bò ó kí tíṣà má rí i. Ẹnì kan lọ sọ fún un. Ẹgba mẹ́fà ló nà ọ́ lórí ọwọ́ náà, o sì ń fà á sẹ́yìn, báyìí gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ yẹn lo ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé tó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ. Hakeem tí a jọ wà ní kíláàsì lo fura sí, o kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi kú. Hakeem kọ́. Èmi ni. Èmi ni mo wá gba ipò kìíní lọ́dún náà, kí bàbá mi tó yọ mí kúrò nílé-ìwé. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo ti ń fi yangàn, ìwọ gan-an sì ń jókòó tì mí tí o ń gbọ́ ọ. Tìrẹ ni.

Bọ́ọ̀lù Ìníọlá ló wà nínú ọ̀rá tí Rìnsọ́lá máa gbé fún ọ. Mo sọ fún ọmọ náà ìdí tí mo fi ń fi ránṣẹ́, ó ní kí n tètè fi ránṣẹ́.

Bá mi kí Fọlá àtàwọn ọmọ. Bá mi kí gbogbo ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, àní èyí tó pẹ́ dé nínú wọn. Bí inú bá ń bí ọ, bínú dáadáa, n kò ní bẹ̀ ọ́ kí o má bínú. Ṣùgbọ́n má pè mí lórí fóònù. Jókòó, kí o kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi ọwọ́ òsì kọ ọ́. Bó ti wù kó rí wọ́gọwọ̀gọ tó, màá kà á.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí síbẹ̀, bí o bá ṣì gbà,

Susan, Ìyá Lékè.