Wọ́n Lẹ Ìkéde Òkú Mi Mọ́ Ilẹ̀kùn Ilé Màmá

                                        Ulica Kopalniana 14,
                                        Orłowiec,
                                        Śląsk, Póláǹdì.
                                        Ọjọ́ Sátidé, 16 Oṣù Kọkànlá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Urszula,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira àjò. Ọkọ yín Manfred ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fún un nísinmi? Klaudia ọmọ yín ńkọ́? Ẹ sọ fún un pé mo rí àwòrán tó fi ránṣẹ́, èyí tó fi ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ hàn, mo sì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kà síwájú, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ná: Màmá wà láàyè, èmi náà wà láàyè. Ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ tó ka ìyókù.

Ilé Màmá ni mo wà báyìí, nídìí tábìlì inú ìdáná. Ìrọ̀lẹ́ òní ni Kuźnia, ẹgbẹ́ tí mò ń gbá ẹ̀yìn fún, máa pàdé Karlik, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, níbí, ní pápá tẹ́ ẹ máa ń fà mí lọ́wọ́ lọ nígbà tí mo ṣì kéré. Ìdíje ife-ẹ̀yẹ ló pa wá pọ̀. Àwọn kan lára àwọn alátìlẹyìn Karlik sì ti sọ pé mi ò ní fi ẹsẹ̀ ara mi jáde níbẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Karlik ló tọ́ mi, Karlik ló fi mí ṣe ọ̀gá ikọ̀, Karlik náà ló tà mí fún Kuźnia nígbà tí nǹkan ò rọgbọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn mọ́. Ohun tí wọ́n rántí ni ọjọ́ tá a parí sáà tó kọjá, tí bọ́ọ̀lù wọn ti kọjá aṣọ́lé wa, tó ku díẹ̀ báyìí kó wọlé, tí mo na ẹsẹ̀, tí mo gbá a síta. Rẹfirí fọn fèrè, Karlik já bọ́ sí ìsọ̀rí kejì. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe? Ẹ̀yìn ni mò ń gbá! Ṣé kí n káwọ́ gbera kí n máa wò ó ni? Látọjọ́ náà, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ ilé wa kì í dá mi lóhùn tí mo bá kí i.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, Màmá ń bọ̀ láti ibi Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá rí ìwé ìkéde òkú lára ilẹ̀kùn tí gbogbo ilé ń gbà wọlé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ìlà dúdú yí i ká, àgbélébùú wà lókè. Nínú oṣù tí gbogbo èèyàn ń tan àbẹ́là sórí sàréè yìí, kò yà á lẹ́nu rárá. Ó sún mọ́ ọn kó lè mọ ilé tóun máa lọ kí. Orúkọ mi ló bá níbẹ̀: Rajmund Pytlik, agbábọ́ọ̀lù. Ọjọ́ ikú tí wọ́n kọ síbẹ̀, òní yìí ni.

Ìyá Zefel, aládùúgbò wa, ló bá a níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn. Kò sunkún. Ó rọra ṣí ìwé náà kúrò kó má bàa ya, ó ká a, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, lórí èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí Bàbá kú. Nígbà tí mo sáré dé, mo ní kó jẹ́ ká sun ún níná. Ó ní, "Ìwé tó dáa báyìí? Tọ́jọ́ ẹ bá pé, déètì nìkan la máa yí padà." Ẹ mọ ẹnu Màmá. Mo fipá rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, mo parọ́ fún un pé iṣan itan ń dùn mí. Ó wò mí títí. Ó ní, "Rajmund, itan kọ́ ló ń dà ẹ́ láàmú, mi ò sì ní fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà. Àmọ́ o kì í ṣọmọdé mọ́, àdéhùn ẹ ń parí lọ. Tó o bá sá lónìí, ta ló máa pè ẹ́ lọ́la?" Ẹ̀gbọ́n mi, iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Tí mo bá sá, bọ́ọ̀lù tí mo fi gbogbo ayé mi gbá parí nìyẹn. Tí n ò bá sì sá, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Mo bẹ Màmá kó lọ sọ́dọ̀ yín ní Jámánì títí ìjì á fi rọlẹ̀. Ó ní òun ò lè sá fún ọmọ tóun ti bá fun imú rí. Zefel ló ń bá wí. Gbogbo ilé mọ̀ pé òun ni. Òun ni olórí àwọn alátìlẹyìn Karlik, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pósí ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Zefel kan náà tá a jọ ń gbá ẹ̀yìn nígbà tá ò tíì hu irùngbọ̀n, tó máa ń jẹ kéèkì kołocz tí Màmá bá yan títí á fi lá àwo.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Màmá ṣe. Ní Wẹ́sídeè, ó wọ aṣọ dúdú tó fi sin Bàbá, ó ń kanlẹ̀kùn láti àjà kan dé òmíràn: "Rajmund mi ti kú. Ẹ wá bá mi ka rosárì nírọ̀lẹ́." Ẹ mọ̀ pé níbí, ọ̀tá ẹni pàápàá kì í kọ ìpè rosárì òkú. Ìyá Zefel ní, "Rajmund wo? Èyí tó gbé ọ̀dùnkún gòkè lẹ́ẹ̀kan yìí?" Màmá ní, "Òun náà ni. Ó wà nínú ìwé. Ẹ bi ọmọ yín." Ojú ìyá náà yí padà.

Èmi ò fẹ́, ẹ gbà mí gbọ́. Màmá dá aago dúró, ó fi aṣọ bo dígí bá a ṣe ń ṣe nílé òkú, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ẹ̀mí lè ríbi gbà jáde, ó wá ní kí n jókòó sórí àga láàárín pálọ̀, níbi tí pósí Bàbá wà lọ́jọ́sí. Ó tan àbẹ́là sí ẹsẹ̀ mi. Àwọn aládùúgbò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó wojú mi. Ẹ̀rù bà mí dé egungun. Mo fẹ́ wo ara mi nínú dígí kí n lè mọ̀ pé mo ṣì wà, aṣọ ti bò ó. Mo bá já ara mi léèékánná.

Ìgbà tó yá, Ìyá Zefel fa ọmọ rẹ̀ wọlé létí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n bẹ́ẹ̀! Zefel ṣí fìlà Karlik tó dé, ó gbé e sórí àga. Màmá na ìlẹ̀kẹ̀ rosárì sí i, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jọ dàgbà, ìwọ ni kó o ṣáájú wa." Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á lọ, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ òkú: "Olúwa, fi ìsinmi ayérayé fún ìránṣẹ́ rẹ…" Ó dúró. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n pè é."

"O ṣáà kọ ọ́. Ṣé pípè ló wá le ni?"

Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, ó jáde, kò tiẹ̀ rántí fìlà rẹ̀. Mo lé e bá lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Rajmund, màá gbìyànjú kí nǹkan kan má bàa ṣe ẹ́. Àmọ́ èmi nìkan kọ́. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn ò gbọ́ tèmi mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n fojú kan oorun látọjọ́ náà. Nígbà tó jẹ́ òun ló ń bínú, mo mọ ibi tí ewu ti ń bọ̀. Ní báyìí, mi ò mọ̀.

Màá gbá a, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá. Tí nǹkan bá ṣe mí, ẹ wá mú Màmá, ẹ má gbọ́ àwáwí kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó tún ń wọ aṣọ dúdú náà lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ní ibo là ń lọ. Ó ní pápá ni, ó ní Zefel gbàgbé fìlà, òtútù sì máa mú un lórí. Ààrin wọn gan-an ló fẹ́ lọ jókòó sí! Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, kò gbọ́. Ẹ̀rù méjì ló wá wà lọ́rùn mi báyìí. Bọ́ọ̀sì wa ti ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Sọ́ńdè.

Mi ò ráyè fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lánàá, mo bá ní kí n parí rẹ̀. Karlik na wá, àmì ayò kan sí òdo. Ẹ má bi mí bó ṣe wọlé, mo ti ń bá aṣọ́lé wa rojọ́ lórí ìyẹn.

Nígbà tá a jáde sí pápá, tí wọ́n pe orúkọ mi lórí ẹ̀rọ, gbogbo ibẹ̀ bú sí súfèé láti fi mí ṣẹ̀sín. Mo wá gbọ́ pé ibi tí àwọn Zefel wà, kò sí ariwo níbẹ̀ rárá. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju súfèé lọ. Mo wo òkè. Màmá jókòó síwájú wọn, kékeré, nínú aṣọ dúdú. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dìde. Ọ̀kan ṣí fìlà, èkejì ṣí tirẹ̀, títí gbogbo wọn fi ṣí i tán, bí wọ́n ṣe ń ṣe tí pósí bá ń kọjá. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni, àbí èmi ni wọ́n ń sin. Mo rí Màmá tó yíjú sí wọn, tó la ẹnu, ṣùgbọ́n ibi tí mo wà jìnnà. Ìyá Zefel tó jókòó tì í ló wá sọ ohun tó wí fún mi. Ó na fìlà sí Zefel, ó ní, "Ẹ dé fìlà yín, òtútù ń mú. Ẹni tẹ́ ẹ ń ṣí i fún ṣì ń mí." Nígbà tá a gbá a tán, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi jáde níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Manfred, ẹ fẹnu ko Klaudia lẹ́nu fún mi. Màmá ń kí yín púpọ̀. Ó ti tú aṣọ lójú dígí, aago náà sì ti ń lọ. Àmọ́ ìwé yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

                                        Èmi tí mo ṣì jẹ́ àbúrò yín,
                                        Rajmund.