Ojú Tí Mo Fi Yan Dáre

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú kajú ṣíṣà, ẹ kú àárò ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí Bàbá. Mo kí Ṣadé àbúrò mi, ẹ bá mi sọ fún un pé kó fi bàtà mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, mo ṣì ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́. Ìta gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí kí gbogbo ayé lè bá yín kà á, nítorí ohun tí ọmọ yín dà ní Lọ́kọ́jà ti kọjá ohun tí à ń sọ lórí fóònù.

Ẹ wá ìjókòó kí ẹ tó gbọ́ ọ. Láti Lọ́kọ́jà títí dé Àbújá, kò sí ojú tó mọ agbábọ́ọ̀lù bí ojú ọmọ yín. Tí mo bá wo ẹsẹ̀ èèyàn nínú sílípáàsì lásán, mo ti mọ iye góòlù tó máa gbá wọlé títí tó fi máa di baba arúgbó. Aláboyún kan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ganaja lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kàn wò ó fìrí ni, mo ní kí wọ́n lọ ra bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ òsì ló wà níbẹ̀. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Ara mi le, Màmá. Ẹ̀gbọ́n yín tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Gadumo ń tọ́jú mi. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní àtúnṣe kẹ̀kẹ́ kì í lù mí ju bó ṣe yẹ lọ. Owó kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń mọ iṣẹ́. Ooru ìlú yìí ni ẹ má bi mí: bí ẹ bá fọ́ ẹyin sórí irin kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án, ẹ tètè wá iyọ̀ ni. Síbẹ̀, kì í ṣe ooru ló ń dun èèyàn jù, àìgbọ́ ohùn ilé ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, Ígálà ló wà lọ́tùn-ún mi, Ẹ̀bìrà lósì, Haúsá níwájú, píjìn sì wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n yín gan-an, òyìnbó ni wọ́n ń bá àwọn ọmọ wọn sọ nínú ilé. Oṣù kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má kí mi bí a ṣe ń kíra nílé.

Bọ́ọ̀lù ló gbà mí. Odò Méjì ni orúkọ tíìmù wa. Lọ́dún tó kọjá, nínú tíìmù mẹ́fà, àwa la gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo àwọn tó ń gbá iwájú fún wa tú ká: ọ̀kan lọ kọ́ iṣẹ́ títẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé ní Àbújá, ọ̀kan wọ pólì, wọ́n gbé bàbá ẹnì kẹta lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, òun náà sì bá wọn lọ. Balógun wa rí i bẹ́ẹ̀, ó sá. Ni wọ́n bá so aṣọ balógun mọ́ èmi lápá. Mo rò pé oyè ni, àṣé ẹrù ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo wá kún iwájú kò ṣòro láti rí. Ozovehe, ọmọ Ẹ̀bìrà kan tó yára bí aláǹgbá tó rí ọmọ iléèwé, tíìmù rẹ̀ ti fọ́, kò sẹ́ni tó ni ín mọ́. Mo bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, Ozovehe sì di tiwa.

Ẹnì kejì ni wàhálà. Àṣà wa ni pé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ tuntun tí kò ní tíìmù á tò sórí ìlà ní pápá. Kálukú á gbá pẹnárítì kan ṣoṣo, àwọn balógun á sì máa yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíìmù tó gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ yàn, kí tálákà náà lè rí jẹ. Bí yíyàn àkọ́kọ́ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo pápá ti mọ ẹni tó yẹ kí n mú, ọmọ Nupe kan tó gbá tirẹ̀ títí néètì fi ya.

Dáre wà lórí ìlà náà. Ọmọ gìrìpá ni, ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ló ń ṣiṣẹ́, kò ní ìbátan kankan nínú ìlú. Ó gbá pẹnárítì tirẹ̀, bọ́ọ̀lù fo ògiri, ó bọ́ sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Mo dìde, mo ní Dáre ni mo yàn.

Màmá, ariwo! Súlè aṣọ́lé wa, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, bi mí bóyá ooru ti wọ̀ mí lọ́pọlọ, bóyá ilé la fẹ́ kọ́ sórí pápá tí mo fi lọ mú oníbúlọ́ọ̀kù. Mo ní kó fara balẹ̀. Mo ní mo ti rí Dáre ní Kàbà tó gbá góòlù mẹ́rin wọlé nínú eré kan ṣoṣo, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbá èyí fo ògiri ni kí àwọn balógun yòókù má bàa jí i mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní ojú mi kì í ṣì. Dáre dúró, ó ń wò mí. Súlè ní kò burú, eré mẹ́ta ni òun fún wa. Tí iwájú wa kò bá gbá ẹyọ góòlù kan wọlé nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Dáre á lọ, èmi náà á tú aṣọ balógun lápá.

Eré àkọ́kọ́, òfo. Dáre gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹrin ó gbá èmi. Eré kejì, òfo. Súlè wá ń wo aṣọ apá mi bí ajá ṣe ń wo eegun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dáre wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ fúnra òun kúrò kí wọ́n má bàa máa tìtorí òun bú mi. Ó ní ohun tó kàn ń ká òun lára ni pé níbi iṣẹ́, “ìwọ” ni wọ́n ń pe òun, pápá nìkan ni wọ́n ti mọ orúkọ òun ní gbogbo Lọ́kọ́jà. Mo ní kó má lọ síbì kankan. N ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe o.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo lọ bá a níbi iṣẹ́. Ó ru búlọ́ọ̀kù, ó ń kọjá láàárín àwọn tó ń ti ara wọn nídìí omi. Wọ́n kọlù ú lọ́tùn-ún, wọ́n kọlù ú lósì, wọ́n ń ta padà, òun kò mì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti gbá bọ́ọ̀lù wọlé mọ́. Kó ṣáà dúró níwájú Ozovehe, kó kẹ̀yìn sí àwọn tó ń dènà, kó ṣe bí ẹni tó ń dáàbò bo iṣu ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn lòun ti ń ṣe láti kékeré.

Àwọn ọmọ àdúgbò Kabawa la bá pàdé nínú eré kẹta. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn fún wọn ga bí òpó iná. Ó kù díẹ̀ kí eré parí nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Dáre. Ó fara bò ó. Àwọn méjèèjì dà bò ó, wọ́n tì í, wọ́n fà á láṣọ, wọ́n fi èdè mẹ́ta bú u. Kò mì. Ó rọra fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ozovehe gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń wọ ilé bàbá rẹ̀, ó sì gbá a wọlé. Súlè fi ilé tó ń ṣọ́ sílẹ̀, ó sáré la pápá já, ó kọjá lára Ozovehe tó gbá a wọlé, Dáre ló lọ dì mọ́. Ó ń pariwo orúkọ rẹ̀, gbogbo pápá sì ń gbè é. Òógùn ló wọ̀ mí lójú lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹkún ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, kí ẹ kí ewúrẹ́ yín tó jẹ ìwé mi. Ọlọ́run á fún yín ní ìlera, oko yín á yè, ojú yín kò ní fọ́, ẹ ó rí èrè wa. Kí n tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ibi tí irọ́ wà, Súlè kò gbọ́ Yorùbá débi tó máa kà á dé ìsàlẹ̀ yìí. N kò rí Dáre rí ní Kàbà. N kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ń lọ gbá pẹnárítì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó kí mi ní “Ọ̀kun o”, ìkíni ilé wa, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ tí ẹ bá ti oko dé tí ẹ bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù kì í gbé e wá bó ṣe rí, Màmá. Kí bọ́ọ̀lù tó fo ògiri ni mo ti yàn án. Ojú mi kọ́ ló yàn án. Etí mi ni.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbọ́ ohùn yín láti Lọ́kọ́jà,
Tósìn