Ohun Tí Ìyá Ẹ̀gẹ́ Fi Ń Dá Mi Lóhùn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Fẹ́búárì

Kápìténì ti sọ ọ́ síta. Lẹ́yìn Àjíǹde la máa gun kẹ̀kẹ́ lọ Ìsẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè sá kìlómítà ogún ní wákàtí kan, láti Olódò dé Lalupon, lọ àti bọ̀, kó má wulẹ̀ múra. Ìdánwò di ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí.

Àkànbí ni Kápìténì, òun ló ń ṣáájú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa. Ènìyàn jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn gan-an ló dùn mí lọ́dún tó kọjá. Ní Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, níbi tí ẹsẹ̀ mi ti kọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé kẹ̀kẹ́ mi sínú bọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé wa. Ó ní, "Mà, ẹ ti gbìyànjú." Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí. Mo jókòó sáàárín kúlà omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, mi ò yọ ìgò dúdú ojú mi títí a fi délé.

Mi ò wọ bọ́ọ̀sì yẹn mọ́. Láéláé.

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì

Míta tó ń ka eré kẹ̀kẹ́ dé! Kékeré báyìí, kò ju páálí ìṣáná lọ. Mo so ó mọ́ ọwọ́ Alágídí (kẹ̀kẹ́ mi, orúkọ rẹ̀ rò ó), a sì jáde kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Mẹ́rìndínlógún. Mo gbá a léjìká díẹ̀, bóyá ó ṣèèṣì. Mẹ́rìndínlógún.

Ìkíni wà lára ohun tó fà á. Ta ló máa kọjá lára àgbàlagbà láàárọ̀ kó má kí i? Mo dẹwọ́ fún bàbá tó ń fọ ẹnu, mo dẹwọ́ fún àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní Ìyànà Ọ̀ffà. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ìyá kan máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Mi ò mọ orúkọ wọn. Ìyá Ẹ̀gẹ́ ni mò ń pè wọ́n nínú ara mi. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Wọ́n ní: "Oo, a dúpẹ́ o. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ, á ṣọ́ ẹ bọ̀." Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹni tó ń sáré gidi kò yẹ kó rí àyè gbọ́ àdúrà tó gùn tó yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì

Mo gbọ́ dé "á ṣọ́ ẹ lọ". "Bọ̀" bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Míta ní mẹ́tàdínlógún ó lé. Ìyá Ẹ̀gẹ́ àti míta, ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba! Inú mi dùn púpọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Míta ti já bọ́. Ojú kòtò kan ni, mi ò mọ èwo. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé kò sí níbẹ̀. Mo padà wá a dé Ìyànà Ọ̀ffà, òfo. Ìbínú ò jẹ́ kí n jẹun.

Kí òmíràn tó dé láti ibi tí mo ti ra èyí, ìdánwò á ti kọjá. Fóònù ńkọ́? Máàpù fóònù mi gbàgbọ́ pé Ìwó ni mò ń gbé. Mo bẹ Luqman kó máa wa mọ́tò tẹ̀ lé mi, kó máa bá mi ka eré tí mò ń sá. Ó ní míta mọ́tò òun kò tíì kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí òun ti rà á. Ọkọ mi nìyẹn.

Ó dáa. Mo ṣì ní Ìyá Ẹ̀gẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Fẹ́búárì

"Dú—"

Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn! Kò sí "oo", kò sí àdúrà. "A dúpẹ́" odindi ló di "dú" létí mi. Alágídí, a ti ń sáré o.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Wòlíì ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde. Mo jókòó. Tèmi ò tíì pé. Itan sì ń ta mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

"Dú—" lẹ́ẹ̀kan sí i. Lónìí, ìyá dìde lórí àpótí, wọ́n ń ju ọwọ́ tòun tọ̀bẹ lókè. Àwọn náà ti rí i pé mo yàtọ̀. Mo juwọ́ padà.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Dú.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Ìyá Ẹ̀gẹ́ jáde dé etí títì! Ọwọ́ méjèèjì lókè. Mo doríkodò, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sẹ́ni tó dìde fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú mi lábẹ́ ìgò.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Luqman bi mí bí mo ṣe ń mọ eré tí mò ń sá. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi há a lọ́fun. Nígbà tó sinmi, ó ní bó bá jẹ́ ìyá náà ni kò sọ ju ìyẹn lọ mọ́ ńkọ́? Ó dùn mí, torí ìbéèrè gidi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Fẹ́búárì

Kápìténì ní kí a rọra yí ẹsẹ̀ lónìí, ìdánwò ti dọ̀la. Mo rọra ń lọ. Mo kí Ìyá Ẹ̀gẹ́, mo sì gbọ́ ọ tán fúngbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì:

"Dúró! Dúró jọ̀ọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ẹsẹ̀ mi ò lè sá tẹ̀ lé ẹ."

Dúró. Kì í ṣe dúpẹ́.

Iwájú wọn gan-an ni míta já bọ́ sí. Àràárọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí kí n wá gba ẹrù mi. Wọ́n ní àánú mi ti ń ṣe wọ́n, pé obìnrin tó dáa báyìí, etí rẹ̀ di. Wọ́n mú un jáde látinú agolo mílíìkì, ó ń dán. Ó dọ̀tí ni wọ́n ṣe fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Omi wà nínú ojú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò jí.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gẹ́, mo sunkún bí ọmọdé. "Dú" tí mo fi ń wọn ara mi, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ó lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún ni mo ṣì wà. Mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Wọ́n bu omi fún mi. Ìyá Àmọ̀pé lorúkọ wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìdánwò, Mọ́níyà, bọ́ọ̀sì. Wọ́n bi mí pé bí mo bá dúró lọ́nà lọ́la ńkọ́. Mo ní bọ́ọ̀sì á gbé mi nìyẹn. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ wọn.

Mò ń lọ. Bó jẹ́ mẹ́wàá ni mò ń sá, mò ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Ìdùbúlẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí. Mi ò lè jókòó.

Ní àlọ, mo wà láàárín wọn. Àpótí Ìyá Àmọ̀pé ṣófo nígbà tí a kọjá. A yí padà ní Lalupon, afẹ́fẹ́ kọjú sí wa. Àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ó wá ku èmi àti bọ́ọ̀sì tó ń rọra tẹ̀ lé mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Awakọ̀ fun fèrè díẹ̀, fèrè àánú.

Ní Olódò, Kápìténì wo míta tirẹ̀. Ó ní, "Ogún, ó lé díẹ̀." Kò sọ pé mo gbìyànjú. Ohun tó sọ fún gbogbo ẹni tó yege ló sọ fún mi: "Lọ́jọ́ Ìsẹ́yìn, Mọ́níyà la ti máa pàdé, aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ má pẹ́ o."

Díẹ̀ yẹn, mo mọ ibi tí mo ti rí i. Lábẹ́ igi máńgòrò ni. Fèrè yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dún tán, itan mi ti kú, ọwọ́ mi ti wà lórí bíréèkì. Ìyá Àmọ̀pé wà létí títì, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí wọn, èémí ò tó, "Ẹ kú—" nìkan ló jáde. Wọn ò dúró kí n parí rẹ̀.

"Má dú—"

Afẹ́fẹ́ gba ìyókù. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ṣì í gbọ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bíréèkì.