Bàtà Rọ́bà Bàbá Àgbà

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ Bangkok. Oúnjẹ ọsibítù Ubon yìí ò burú.

Àwọn olùwádìí tó wá gbẹ́ ilẹ̀ oko ìrẹsì wa ní kòkòrò àìsàn ń gbé inú ẹrẹ̀. Wọ́n fún Bàbá àgbà ní bàtà rọ́bà. Èmi ni mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi: "Bàbá, ogun wo lẹ̀ ń lọ?" Bàbá bọ́ bàtà, wọ́n ń kó kọ̀ǹkọ̀ sínú ẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi wọ ẹrẹ̀, tegbòtegbò.

Dókítà tó ń tọ́jú Bàbá bi mí, "Ṣé wọ́n ń wọ bàtà?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Lójoojúmọ́."

"A jẹ́ pé kì í ṣe àìsàn ẹrẹ̀."

Màá lọ jẹ́wọ́ fún dókítà báyìí. Bàbá ní kí n kí yín. Rárá o, èmi ni mo ń bá wọn kí yín. Wọn ò tíì lajú láti àná.

Phikun yín