Ìtọ̀ Asiata Nínú Ìgò Mẹ́rìnlélógún

Agbo Ilé Sàláwù,
Ọ̀fà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1991.

Safiyat ọmọ mi,

Bí ilẹ̀ Ìbàdàn bá ń mọ́ bá ọ láìsí ibà lára àti láìsí omi lójú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí ìwé tí o ń kà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì má di ẹrù sí ọ lórí, kí abẹ́rẹ́ tí o ń kọ́ láti gún fún èèyàn má gún ìwọ alára. Mo mọ̀ pé o máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pe ara mi ní bàbá rẹ, nítorí ọdún mẹ́jọ péré ni mo fi jù ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n mi Ràímì tó bí ọ ni mo ti di bàbá ìwọ àti Sherifat àbúrò rẹ, kò sì sí ẹni tó lè gba ipò náà lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀. Ewúrẹ́ wọn bí ìbejì, òjò wó ògiri ilé ìdáná, a sì ti tún un mọ. Ara gbogbo wa le, àfi Sherifat.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo lọ sí ilé fóònù, tí o ní kí n jẹ́ kí o mọ ohun tó wà nínú ìwé tí àwọn elétò ìlera fi ránṣẹ́ sí wa? Mo na ìwé náà síwájú ẹnu fóònù, mo tẹ́ ẹ dáadáa kí o lè kà á, mo tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ, o kàn ń pariwo hẹ́lóò, hẹ́lóò, títí owó mi fi tán. N kò bínú. Mo gbà pé ibi tí o dúró sí ló ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí o fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ wà níbẹ̀.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Caroline, lára àwọn elétò ìlera náà, wá láti Ìbàdàn sílé wa pẹ̀lú kúlà ńlá. A rò pé ohun mímu tútù ni, àwọn ìyàwó ilé ti kó kọ́ọ̀pù jáde, àfi ìgbà tí wọ́n ṣí i tí a bá yìnyín àti ìgò òfìfo níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń lọ káàkiri láti mọ iye kẹ́míkà tó ti wọ ara àwọn èèyàn, pàápàá òjé inú bátìrì mọ́tò, pé inú ìtọ̀ làwọn ti máa rí i, àti pé ohun tí àwọn bá rí ni ìjọba máa fi ṣe òfin. O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ́ bátìrì tó ti kú, kí n máa yọ́ òjé inú rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọ́n kọ orúkọ mi sí fọ́ọ̀mù, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kẹtàdínlógún, wọ́n wá fún Asiata ní nọ́ńbà kìíní, ìyàwó tuntun tí a gbé wá láti Ìjàgbò tí kò tíì lo oṣù kan nínú ilé. Mo sọ fún wọn pé ìwọ̀sí nìyẹn. Wọ́n ní kì í ṣe ipò. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi ń kà á láti orí ẹnì kìíní.

Wọ́n pín ìgò mẹ́rìnlélógún fún wa, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀, wọ́n ní kí oníkálukú tọ̀ sínú tirẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, pé àwọn á padà wá gbà á.

Bí wọ́n ti lọ tán ni Bàbá Sàláwù, olórí ilé wa, pe ìpàdé. Wọ́n ní ṣé a gbọ́ pé àwọn àlejò yẹn ń lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé tó ń bá wa du ilẹ̀ pẹ̀lú. A ní a gbọ́. Wọ́n ní ta ló wá fẹ́ kí wọ́n gbé ìtọ̀ Ọ̀fà àti ti Ẹ̀rìn-Ilé sórí tábìlì kan náà n'Ìbàdàn, kí tiwa wá dọ̀tí ju tiwọn lọ? Wọ́n ní a kì í bu omi ìsàlẹ̀ àmù fún àlejò, èyí tó mọ́ jù nílé là ń gbé fún un. Ìyá rẹ ní ṣùgbọ́n orúkọ wà lára ìgò. Bàbá ní orúkọ kì í tọ̀. Ibẹ̀ la ti fẹnu kò sí Asiata, nítorí ara rẹ̀ ń dán, èéfín òjé mi kò sì tíì bá a. Ọmọ náà mu omi títí ó fi ń bẹ̀ wá, àwọn ìyálé ń kí i pé ó káre, ó gbé ilé ga. Kí oòrùn tó yọ, ìgò mẹ́rìnlélógún ti kún. Èmi gan-an ni mo dé wọn. Mo rò pé ọgbọ́n la ta.

Èsì rẹ̀ ni ìwé tí mo fi hàn ọ́ nínú fóònù. Wọ́n ní ilé wa mọ́, kò sí òjé lára ẹnikẹ́ni. A pa àgbò. Bàbá Sàláwù fi ìwé náà sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà wọn.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn àgbò yẹn ni Sherifat ṣubú, tó ń gbọ̀n. Inú ti ń run ọmọ náà láti ìgbà òjò, a ní aràn ni. O mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí bí mo bá ń yọ́ òjé, tí á máa fi èérún rẹ̀ se oúnjẹ ṣeré. Ọmọ tó ti ń ka sùúrà mẹ́ta láìkọsẹ̀, kò rántí ọ̀kan mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Adétóyè. Mo mú férémù náà dání, mo gbé e síwájú wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ, kí wọ́n má baà fàkókò ṣòfò lórí òjé. Wọ́n kà á. Wọ́n ní ọpẹ́ ni o, nítorí bí àwọn ọmọ oníbátìrì ní Ẹ̀rìn-Ilé ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí, inú rírun àti ìgbàgbé, pé wọ́n ti rí òjé nínú ìtọ̀ tiwọn, wọ́n ti ń lo oògùn, ara wọn sì ti ń yá. Wọ́n kọ oògùn aràn fún Sherifat. Wọ́n tún ní ilé wa ló ń ya àwọn tó ń ṣètò òfin lẹ́nu, pé bí a ti ń fọ́ bátìrì láàárín ilé tí kò sì mú ẹnikẹ́ni, ó jọ pé wọn ò ní ní kí ẹnikẹ́ni kó iṣẹ́ náà kúrò nílé mọ́.

Safiyat, wò ó. Ìwé tí mo gbé lọ kí ó lè gba àbúrò rẹ là ló dínà mọ́ ọn. Wọ́n fẹ́ fi ìtọ̀ Asiata ṣe òfin fún gbogbo ìpínlẹ̀! Mo jẹ́wọ́ fún dókítà níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo Sherifat, ẹ̀rín náà sì kú. Wọ́n ní kí n gbé e wá sí Ìbàdàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí n sì lọ sọ òótọ́ fún àwọn tó gba ìgò.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Bàbá Sàláwù ní mo fẹ́ ta orúkọ ilé. Mo ní àwọn ló sọ pé orúkọ kì í tọ̀, ọmọ ló ń tọ̀. Wọ́n ní kí n kó jáde. Mo ní ibi tí wọ́n bí mi sí ni mo wà. Ó di ọjọ́ mẹ́jọ báyìí tí wọn kò jẹ́ mi lóhùn, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ kí wọn láràárọ̀, nítorí bàbá ni bàbá í jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti pa iná òjé. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹni tó bá fẹ́ gbé mi ṣubú lórí èyí, kó di àmùrè rẹ̀ dáadáa.

Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé ni èmi àti Sherifat máa wọ̀. Bó bá pẹ́, má kúrò ní ìdíkọ̀. Kí ó tó di ọjọ́ náà, lọ bá Madam Caroline ní ọ́fíìsì elétò ìlera n'Ìbàdàn níbẹ̀, sọ fún un pé Kamaldeen nọ́ńbà kẹtàdínlógún ń bọ̀ wá jẹ́wọ́, kí wọ́n má kọ òfin kankan kí n tó dé. Bí wọ́n bá ní kí o lọ, jókòó.

Ìgò méjì ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti gbé wá, tèmi àti ti Sherifat. Asiata gbé tirẹ̀ wá, ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun kò tọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ gbé tiwọn wá. Títí di àná, ó ti di mẹ́tàlélógún. Láàárọ̀ yìí, Asiata gbé nǹkan kan wá nínú ọ̀rá dúdú, ó ní Bàbá Sàláwù ló ní kí òun gbé e fún mi. Wọ́n ní kí n má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọdé, àti pé bí àwọn ará Ìbàdàn bá bèèrè, kí n ní àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀ sọ́wọ́ dè wá, ti oògùn Sherifat àti ti ọkọ̀ àbọ̀, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti pa iná ni n kò tíì rí nǹkan tà. Tún wá yìnyín, kí gbogbo rẹ̀ má bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọlọ́run á là ọ́, á ṣí ọ níyè, á fi ọ́ ṣe alátìlẹ́yìn àbúrò rẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ilé wa dọ̀tí, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Ilé tó bá dọ̀tí ni wọ́n ń gbá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kamaldeen.